Philip Henry Gosse, Ẹni tí Ó Mú Òkun Wọ Inú Ilé

Ìkirè àti Àpòmù jìnnà sí òkun. Àwọn ọmọ ìlú méjèèjì mọ odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì mọ ẹja odò. Ṣùgbọ́n òkun fúnra rẹ̀, ìròyìn lásán ni ó jẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dé Èkó. Nígbà láéláé, nígbà tí ọjà Àpòmù jẹ́ ibi tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni ohun tí ó bá ti òkun wá fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilẹ̀ òkè. Iyọ̀ wà nínú irú ohun bẹ́ẹ̀. Iyùn tí àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ń fi sí ọrùn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé ẹ̀dá abẹ̀mí kékeré ni ó ń mọ iyùn nínú omi, gẹ́gẹ́ bí ikán ti ń mọ ilé rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọkùnrin tí ìtàn rẹ̀ wà níhìn-ín wà lára àwọn tí ó kọ́ aráyé bí a ti í gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ láàyè kúrò nínú òkun lọ sí ilé tí ó jìnnà sí òkun, kí ó má sì kú. Orúkọ rẹ̀ ni Philip Henry Gosse.

A bí Gosse ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 1810 ní ìlú Worcester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, láti ìlú dé ìlú ni ó sì ń rìn kiri láti ya àwòrán àwọn ènìyàn. Owó tí ó ń rí níbi iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, nítorí náà inú àìní ni ọmọ náà ti dàgbà. Nígbà tí ó ṣì kéré, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Poole, ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ òkun. Arábìnrin bàbá rẹ̀ kan, Ìyáàfin Bell, fẹ́ràn àwọn ẹ̀dá etí òkun gidigidi. Òun ni ó fi ẹ̀dá kan han ọmọ náà, tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta bí òdòdó tí ó là, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ẹranko tí ń fi àwọn apá rẹ̀ wẹ́wẹ́ mú oúnjẹ. Anemone ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Òdòdó-òkun ni yóò máa jẹ́ nínú ìtàn yìí. Ọmọ náà kò gbàgbé ohun tí ó rí.

Ní ọdún 1827, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n rán an lọ sí Newfoundland, erékùṣù ńlá kan ní àríwá Amẹ́ríkà, láti ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan ní Carbonear. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀. Kò sí olùkọ́ kan tí yóò kọ́ ọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá, kò sì ní owó tí yóò fi lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1832 ó rí ìwé àtijọ́ kan rà, èyí tí ó sọ nípa awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìwé kan ṣoṣo yìí ni ó yí ayé rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò jọ, tí ó ń yà wọ́n sórí ìwé, tí ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó bá rí sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá rí i. Àṣà yìí kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1835 ó lọ sí Compton ní ilẹ̀ Kánádà láti ṣe àgbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó fi túlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò mú owó wá, nítorí pé ojú rẹ̀ wà lára labalábá ju ara irè oko lọ. Ní ọdún 1838 ó lọ sí Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti máa kọ́ àwọn ọmọ olóko òwú ní ìwé. Ibẹ̀ ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyà tí a fi ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú tí a sọ di ẹrú. Ohun tí ó rí bà á lọ́kàn jẹ́, kò sì pẹ́ tí ó fi kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1839 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìwé tí ó ti kọ lọ. A tẹ ìwé náà, tí ó dá lórí àwọn ẹ̀dá ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1840, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1844 ó lọ sí Jàmáíkà láti kó ẹyẹ àti kòkòrò jọ. Oṣù méjìdínlógún ni ó lò níbẹ̀. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin ènìyàn dúdú kan, Samuel Campbell, ni ó ń bá a rìn nínú igbó. Ojú ọmọ náà mú, ó sì mọ ẹyẹ mú ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Adájọ́ kan ní erékùṣù náà, Richard Hill, tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú lára, sì fún un ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀. Nígbà tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ Jàmáíkà ní ọdún 1847, Gosse kò fi ipa tí Hill kó pamọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú tirẹ̀.

Ní ọdún 1848 ó gbé Emily Bowes níyàwó, obìnrin olùfọkànsìn tí ó mọ ìwé kọ. Wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, Edmund, ní ọdún 1849. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ti pọ̀ jù fún Gosse ní àkókò náà, orí a máa fọ́ ọ, ara rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá mọ́. Nítorí náà ní oṣù kìíní ọdún 1852 ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Devon, ní etí òkun, láti gba afẹ́fẹ́. Àárẹ̀ yìí ni ó di ọ̀nà sí iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Nígbàkígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, Gosse a sọ̀kalẹ̀ sáàárín àpáta, a sì máa wo àwọn kòtò kéékèèké tí omi kù sí. Nínú kòtò kan tí kò ju agbada lọ, akàn wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, òdòdó-òkun àti iyùn kékeré wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń gbé pọ̀ láìsí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bu omi òkun sínú abọ́ tí ó sì kó àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sí i, kì í pẹ́ tí omi náà yóò fi dàrú, tí yóò máa rùn, tí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì kú. Ọmọdé tí ó bá ti fi garawa gbé ẹja láàyè wálé láti odò mọ irú ìbànújẹ́ yìí. Ìbéèrè tí Gosse bi ara rẹ̀ ni èyí: kí ni ó wà nínú kòtò àpáta tí kò sí nínú abọ́?

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń wá ìdáhùn. Obìnrin ará Faransé kan, Jeanne Villepreux-Power, tí ó ti jẹ́ aránṣọ tẹ́lẹ̀, ti ń fi àpótí gíláàsì ṣe ìwádìí ẹ̀dá òkun ní erékùṣù Sicily láti ọdún 1832. Ní ọdún 1846, Ìyáàfin Anna Thynne gbé iyùn láàyè láti Devon lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ni ó sì ń da omi náà láti inú abọ́ kan sí òmíràn lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Robert Warington, onímọ̀ nípa oògùn, fi hàn pé bí ewéko bá wà nínú omi pẹ̀lú ẹja ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ewéko náà yóò máa fún ẹja ní afẹ́fẹ́ tí ó ń mí, ẹja yóò sì máa fún ewéko ní èyí tí òun náà ń fẹ́. Ohun tí Gosse ṣe ni pé ó mú ìmọ̀ yìí lọ sínú omi òkun, ó dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì fi èdè tí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1853, ẹgbẹ́ tí ó ni ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ́nù ṣí ilé kan tí a fi irin àti gíláàsì kọ́, níbi tí àwọn ará ìlú ti lè rí ẹja àti ẹ̀dá òkun láàyè. Gosse wà lára àwọn tí ó kó ẹ̀dá wá fún ilé náà. Ní ọdún 1854 a tẹ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní The Aquarium, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ìwé yìí ni ó mú kí gbogbo ayé máa fi orúkọ náà pe àpótí ẹja títí di òní.

Síbẹ̀ ìṣòro kan kù. Ẹni tí kò gbé ní etí òkun, níbo ni yóò ti rí omi òkun? Ará Lọ́ńdọ́nù kò sàn ju ará Ìkirè lọ ní ti èyí, nítorí pé owó àti wàhálà tí a fi ń ru omi òkun láti ọ̀nà jíjìn pọ̀ ju ti ẹja lọ. Gosse wo ìwádìí tí onímọ̀ kan ti ṣe nípa àwọn iyọ̀ tí ó wà nínú omi òkun, ó sì pinnu láti ṣe òkun fúnra rẹ̀. Ó wọn iyọ̀ ọbẹ̀ ọ́ọ́nsì mẹ́ta àbọ̀, ó wọn iyọ̀ Epsom ìdámẹ́rin ọ́ọ́nsì kan, ó fi irú iyọ̀ méjì mìíràn díẹ̀ kún un, ó sì pò wọ́n mọ́ omi tí ó dín díẹ̀ sí gálọ́ọ̀nù kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan kò lè ṣe é, nítorí pé iyọ̀ inú òkun kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí jù lọ. Kò kó ẹja sínú omi tuntun náà lójú ẹsẹ̀. Òkúta tí ewéko òkun ti hù sí ni ó kọ́kọ́ kó sí i, ó sì fi í sílẹ̀ níwájú ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó rí i pé ewéko náà ń dàgbà, tí omi sì mọ́ gaara, nígbà náà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀dá abẹ̀mí sí i. Ó tún kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe kó ẹ̀dá púpọ̀ sínú omi kékeré. Pé kí wọ́n yọ ohunkóhun tí ó bá kú kúrò kíákíá. Àti pé bí omi bá fà, omi lásán ni kí wọ́n fi dí i, kì í ṣe omi iyọ̀. Ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ rí yóò mọ ìdí rẹ̀: bí ọbẹ̀ bá gbẹ, iyọ̀ kì í bá omi lọ, ńṣe ni ó ń kù sínú ìkòkò, tí ọbẹ̀ náà ń di oníyọ̀ jù.

Gosse rò pé afẹ́fẹ́ tí ewéko ń mú jáde ni ó ń dá omi náà sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ní ọdún 1890, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, rí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń ṣe èyí tí ó kù. Ẹja ń jẹun, ó sì ń yàgbẹ́. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù ń jẹrà. Láti inú ìdọ̀tí yìí ni májèlé kan ti ń jáde, tí à ń pè ní amóníà, èyí tí díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ẹja. Irú kòkòrò kan a máa sọ amóníà di náítíráìtì, èyí tí òun náà jẹ́ májèlé. Irú kejì a sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí ewéko sì ń fi ṣe oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbẹ́ ẹran ń di ilẹ̀dú lórí àkìtàn. Ara òkúta, ara iyanrìn àti ara gíláàsì ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé. Nínú kòtò àpáta, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, òkun sì ń wá fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú abọ́ tuntun, wọn kò ì tí ì pọ̀ tó iṣẹ́. Ìdáhùn tí Gosse ń wá nìyẹn, òkúta tí ó ń kó sínú omi ṣáájú ẹja sì ti gbé díẹ̀ nínú wọn wọlé láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá òkun kékeré sílẹ̀ ní ilé rẹ̀ lónìí, ọ̀nà yìí náà ni yóò tọ̀. Yóò po iyọ̀ tí a ti ṣètò fún un mọ́ omi, nǹkan bí gíráàmù 35 sí lítà kan. Yóò tọ́jú omi náà kí ó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n bí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yóò sì kó òkúta àti iyanrìn sí i. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ohun díẹ̀ tí yóò mú amóníà jáde sínú rẹ̀, yóò sì dúró. Bí ó bá ń yẹ omi náà wò, yóò rí i pé amóníà kọ́kọ́ gòkè, ó sì wálẹ̀. Náítíráìtì tẹ̀ lé e, òun náà sì wálẹ̀. Èyí a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà. Kìkì ìgbà tí a kò bá rí èkíní àti èkejì mọ́ nínú omi ni ó tó lè fi ẹja kékeré kan tàbí méjì sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò tó fi òmíràn kún un, nítorí pé àwọn kòkòrò náà ní láti pọ̀ sí i bí ẹnu tí ń jẹun ti ń pọ̀ sí i. Iyùn ni ó ń wọlé kẹ́yìn, nítorí pé kò lè fara da omi tí ń ṣe ségesège. Bí àpótí bá sì ti kéré tó ni ó yẹ kí ìṣọ́ra pọ̀ tó, nítorí pé ohun tí òkun yóò gbé mì láìmọ̀ lè ba omi àpótí kékeré jẹ́ ní òru ọjọ́ kan.

Ìwé Gosse tàn ká ju bí ó ti rò lọ. Ìjọba ti mú owó-orí kúrò lórí gíláàsì ní ọdún 1845, nítorí náà gíláàsì ti di ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí etí òkun. Láàárín ọdún díẹ̀, àpótí ẹja di ohun ọ̀ṣọ́ ní ilé àwọn olówó àti àwọn tí ń fara wé wọn. Wọ́n dé sí etí òkun pẹ̀lú òòlù àti agbọ̀n. Wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n hú òdòdó-òkun, wọ́n kó iyùn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé tí omi kò tí ì gbó. Púpọ̀ nínú wọn ti gba ìmọ̀ràn Gosse nípa ohun tí a ń kó, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀ nípa dídúró. Ohun tí wọ́n kó kú. Wọ́n sì tún padà lọ kó òmíràn. Nígbà tí ó fi di bí ọdún mẹ́wàá sí i, àṣà náà ti ń re, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòtò àpáta ní etí òkun Devon ti ṣófo. Ọmọ rẹ̀ Edmund, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1907, jẹ́rìí sí i pé ohun yìí dun bàbá òun púpọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ẹwà òkun kí wọ́n sì yin Ẹlẹ́dàá, ìwé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà ibi tí ẹwà náà wà han àwọn tí ó bà á jẹ́.

Ìbànújẹ́ mìíràn tún dé. Ní oṣù kejì ọdún 1857 àrùn jẹjẹrẹ pa Emily, ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ó tẹ ìwé kan jáde, Omphalos, nínú èyí tí ó sapá láti fi hàn pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń rí nínú òkúta kò ta ko ohun tí Bíbélì sọ. Àwọn onímọ̀ kọ ìwé náà, àwọn onígbàgbọ́ pẹ̀lú kò sì tẹ́wọ́ gbà á. Gosse kó lọ sí St Marychurch ní Devon pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Society, ti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1856, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba oyè yunifásítì kankan. Ní ọdún 1860 ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn òdòdó-òkun àti iyùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tí àwọn onímọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Ní ọdún náà ni ó tún gbé Eliza Brightwen níyàwó. Nígbà tí ó di arúgbó ó ṣì ń fi awò rẹ̀ wo àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí nínú ẹ̀kán omi kan. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1888, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun rẹ̀. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni Gosse ní. Ó kọ́ ìmọ̀ láìní olùkọ́, ó wo ohun kékeré títí ó fi sọ àṣírí rẹ̀ fún un, ó sì dúró kí omi di ilé kí ó tó pe àlejò wọ inú rẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yára gbà. Sùúrù rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, etí òkun ni ó sì san gbèsè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀dá abẹ̀mí, ìbáà jẹ́ ẹja inú àpótí tàbí adìẹ ẹ̀yìnkùlé, yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ tún ibi tí yóò gbé ṣe kí ó tó lọ mú un wá.